Àpò Ìwé Tó Wà Lórí Fíríìjì: Ẹ̀kọ́ Lórí Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ìfun

Ẹ̀kọ́ ìlera tí a mú wá fún yín lóṣù yìí jẹ́ èyí tí ojú lè máa tì wá láti sọ láàárín ìjọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Deutarónómì orí 23, ẹsẹ 12 sí 14, yóò rí i pé Ọlọ́run kò ka ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ sí ohun tí kò yẹ ní sísọ. Ó sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ibi tí wọn yóò lọ, ohun tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Bí Ìwé Mímọ́ bá lè sọ ọ́, àwa náà lè sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ní ọdún 2023, lẹ́tà kan wọlé sí ilé wa láti ọ̀dọ̀ NHS, orúkọ baálé wa ni ó wà lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí àpò ìwé kan fi tẹ̀lé e, tí ohun èlò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun wà nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 56 ni baálé wa nígbà náà. Ó gbé e sórí fíríìjì, ó ní òun yóò ṣe é lópin ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, ó kọjá. Lẹ́tà ìránnilétí tún dé, òun náà lọ bá ti àkọ́kọ́ lórí fíríìjì.

Nọ́ọ̀sì ni àwa tí a ń kọ èyí. Lójoojúmọ́ ni a ń rọ àwọn aláìsàn pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni àpò ìwé yẹn fi wà ní ilé àwa fúnra wa, tí a ń to ìwé owó iná lé e lórí. Nígbà tí a wá béèrè, baálé wa dáhùn pé, "Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ṣé ìgbẹ́ ni kí n wá máa fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà ní ìlú onílùú?" A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tún parí síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a já àpò ìwé náà, a gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, a sì sọ pé oúnjẹ àárọ̀ kò ní dé orí tábìlì títí a ó fi rí i pé ó ti ṣe é. Ó ṣe é. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èsì dé: wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí. Wọ́n pè é sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, wọ́n sì rí ẹran kéékèèké méjì tí ó hù níbẹ̀, wọ́n gé wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irú èyí tí ó lè dà á bí a bá fi í sílẹ̀.

Lónìí, ara baálé wa le. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ síbí, kí àwọn arákùnrin rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin má baà fi tiwọn sílẹ̀ sórí fíríìjì.

Bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ìfun ńlá ni ibi tí oúnjẹ tí a ti jẹ ń gbà kọjá kẹ́yìn kí ó tó jáde bí ìgbẹ́. Nínú ògiri rẹ̀, ẹran kéékèèké lè hù bí ìgbà tí olú bá yọ lára igi. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní pólípì. Ọ̀pọ̀ pólípì kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì di jẹjẹrẹ. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni náà ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń jó nínú ìjọ, kò sì ní mọ ohunkóhun.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìdí àyẹ̀wò yìí gan-an nìyẹn. Bí a bá rí jẹjẹrẹ ìfun ní ìpele àkọ́kọ́, ó ju ènìyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ tí ó ń wà láàyè ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìpele ìkẹyìn ni a tó rí i, tí ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá ni. Àrùn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni àkókò tí a rí i.

Àrùn yìí kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní UK níbi tí a ń gbé yìí, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni a ń rí i lára wọn lọ́dọọdún, àwọn tí ó ń pa sì lé ní 16,000.

Àwáwí tí a máa ń ṣe

Èkíní ni pé, "Kò sí ohun tó ń ṣe mí." Ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe gan-an ni a ṣe àyẹ̀wò yìí fún. Ẹni tí ó bá ti rí àmì àrùn kò gbọdọ̀ dúró de àpò ìwé kankan, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó gbà lọ.

Èkejì ni pé, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ìwà wa ti ń pa wá lára jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ìgbẹ́ wa, a ó ní a ti jẹ ṣúgà jù, a ó sì wá ẹni tí yóò bá wa gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bọ̀ láti ilé. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ lè wá láti ara jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ àti ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí lè jọra lójú wa. Ẹni tí ó bá ń mu àgbo fún oṣù mẹ́fà láìjẹ́ kí dókítà yẹ òun wò, ó lè jẹ́ pé ó ń fún jẹjẹrẹ ní oṣù mẹ́fà kí ó fi gbilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé, "Àrùn òyìnbó ni." Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti wá. Oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ Ireland, Denis Burkitt, ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣàkíyèsí pé àrùn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará oko níbẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1971. Àlàyé tí ó ṣe dá lórí oúnjẹ: ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti àwọn nǹkan oko tí ó ní èèpo àti okùn nínú ni wọ́n ń jẹ. Kò sọ pé awọ ara wa ni ó ń dáàbò bò wá.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 tún mú èyí ṣe kedere. Àwọn oníwádìí mú 20 ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àti 20 ará oko láti South Africa, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ oko, àwọn ará oko sì jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà tí ó kún fún ẹran àti ọ̀rá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwọn àmì ewu jẹjẹrẹ nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sílẹ̀, ti àwọn ará oko sì gòkè. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, oúnjẹ ta ni a ń jẹ? Ẹni tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tí ó ń ra sọ́sééjì àti dídin lójú ọ̀nà kò lè sọ pé oúnjẹ bàbá òun ní oko ni òun ń jẹ.

A sì ti rí i láàárín àwọn ènìyàn wa tí gbogbo ayé mọ̀. Chadwick Boseman, òṣèré tí ó ṣe ọba nínú fíìmù Black Panther, àrùn yìí ni ó pa á ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹni ọdún 43 péré. Ìpele kẹta ni ó wà nígbà tí wọ́n rí i ní ọdún 2016. Pelé, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Brazil, àrùn ìfun yìí ni ó kú sí ní oṣù kejìlá ọdún 2022.

Ẹ̀kẹrin ni pé, "Ìgbàgbọ́ ni mo ní." Àwa náà ní in. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn, tí ó gbàdúrà, tí Olúwa sì gbọ́, wòlíì Aísáyà ṣì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà gba Tímótì ní ìmọ̀ràn ohun tí yóò mu nítorí inú rẹ̀. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó wà lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù, ni ẹ̀rù: "Bí wọ́n bá rí i ńkọ́?" A kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí, nítorí ẹ̀rù ba àwa náà nígbà tí lẹ́tà dé sí ilé wa. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀, bí a mọ̀, bí a kò mọ̀. Àìmọ̀ kì í lé e lọ, àkókò ni ó ń fún un.

Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

1. Ẹ já àpò ìwé náà ní ọjọ́ tí ó bá dé. Ẹ má ṣe gbé e pamọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ fún ọmọ yín kí ó kà á fún yín.

2. Kò sí oúnjẹ tí ẹ ní láti yẹra fún, kò sì sí oògùn tí ẹ ní láti dá dúró nítorí rẹ̀.

3. Ẹ kọ ọjọ́ oṣù sára ìgò oníke kékeré náà.

4. Ẹ wá ike mímọ́ tí ẹ kò lò mọ́, tàbí kí ẹ ká bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nípọn, kí ẹ sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Ìgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ kan omi inú àwo.

5. Ẹ ṣí ìgò náà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ìdérí rẹ̀. Ẹ fi ẹnu igi náà ra ìgbẹ́ náà, kí ó kàn bo ojú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, ẹ má kó o kún inú ìgò.

6. Ẹ ti igi náà padà sínú ìgò, ẹ dé e kí ó dún. Ẹ má tún ṣí i mọ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín.

7. Ẹ fi í sínú àpò ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà láìpẹ́. Wọ́n ti san owó rẹ̀, ẹ kò ní lẹ sítáǹpù kankan.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó ṣe é. Ìgbà tó bá tún di ọdún méjì, wọn yóò fi òmíràn ránṣẹ́. Bí tiyín bá ti pẹ́ jù lórí fíríìjì, tàbí ó ti sọnù, ẹ pe 0800 707 60 60 ní ilẹ̀ England, wọn yóò fi tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ńkọ́?

Èsì máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n máa ń sọ fún pé kò sí ohun tí wọ́n tún ní láti ṣe. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Nọ́ọ̀sì yóò bá yín sọ̀rọ̀, wọn yóò sì fi àyẹ̀wò kámẹ́rà lọ̀ yín. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ ó mu oògùn tí yóò fọ inú yín mọ́. A kò ní tàn yín, òun ni ó máa ń ni ènìyàn lára jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ má gba iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀, tí ó ní kámẹ́rà lẹ́nu, gba ojú ìdí wọlé. Ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní oògùn tí yóò jẹ́ kí ara balẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiyín ṣe é, kí aṣọ sì bo ìhòòhò yín. Bí wọ́n bá rí pólípì, wọ́n lè gé e níbẹ̀, kì í dunni. Nígbà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dà tàbí kí ìfun ní ọgbẹ́, ṣùgbọ́n èyí kò wọ́pọ̀, wọn yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Àyẹ̀wò kan kò lè rí ohun gbogbo. Ẹni tí èsì rẹ̀ dára lónìí, tí ó wá rí àmì lọ́la, kí ó lọ rí dókítà.

Ta ni ó kàn?

Ní England, Scotland àti Wales, ẹni ọdún 50 sí 74 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, ọkùnrin àti obìnrin. Ní Northern Ireland, ọdún 60 ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní England, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ti pé ọdún 75 lè fi nọ́ńbà tí a kọ sókè yẹn béèrè fún tiyín ní ọdún méjì méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún wọn pé láti ọdún 2021 ni a ti ń gba àwọn ènìyàn níyànjú níbẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 45.

Àdírẹ́sì tí ó wà lọ́dọ̀ GP yín ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó kó kúrò ní ilé tí kò sì sọ fún GP, lẹ́tà rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní England, ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ẹ fi ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì hàn kí GP tó gbà yín. Òótọ́ ni pé ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lè la owó lọ fún àwọn kan tí ìwé wọn kò tíì pé, nítorí náà kí wọ́n béèrè ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìwé sá fún GP.

Ọjọ́ orí yòówù kí ẹ jẹ́, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ìgbọ̀nsẹ̀ yín bá yí padà kúrò ní bí ó ṣe ń rí, bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí ó bá ń rẹ̀ yín ṣáá, tàbí tí inú ń dùn yín tàbí ní kókó nínú, ẹ pe GP. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ní àrùn yìí rí, ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú. Ẹ má dúró de àádọ́ta ọdún.

Ẹ sì rántí àwọn ará ilé. Ní Nàìjíríà, ìjọba kò ní ètò tí ń fi irú àpò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ilé. Bí ìyá bá sọ lórí fóònù pé jẹ̀díjẹ̀dí ń da òun láàmú, ẹ má fi owó àgbo nìkan ránṣẹ́. Ẹ fi owó dókítà ránṣẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bí UCH ní Ìbàdàn àti ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe àyẹ̀wò kámẹ́rà yìí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀ pọ̀ nínú àwo. Ẹ dín ẹran pupa kù, ẹ dín sọ́sééjì àti bákónì kù, ẹ dín ọtí kù, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ sì máa rìn. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ìránṣẹ́ Náámánì

Ẹ jẹ́ kí a parí pẹ̀lú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 5. Olórí ogun ni Náámánì, ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí Èlíṣà ránṣẹ́ pé kí ó lọ wẹ̀ ní Jọ́dánì, inú bí i. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe kéré jù lójú rẹ̀, ó sì dàbí ohun tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó gbé àrùn rẹ̀ padà lọ sílé. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ yìí, ó yẹ kí ìránṣẹ́ Náámánì kan wà. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ̀wé kà, nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo orí fíríìjì. Ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ àti abẹ́ ìwé owó iná. Bí ẹ bá rí àpò ìwé náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ gbé e fún ẹni tí ó ni ín, ẹ má sì jẹ́ kí ó sinmi títí yóò fi ṣe é.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ó mú kí inú bí Náámánì? Èwo nínú àwáwí márùn-ún yìí ni ó jọ tirẹ̀?

2. Kí ni a máa ń ṣe nílé wa nígbà tí ẹnì kan bá ní òun rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́?

3. Àgbàlagbà wo nínú ìjọ yìí ni kò ní ẹni tí yóò bá a ka lẹ́tà NHS? Ta ni yóò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?

Kí Olúwa fi àlàáfíà pípé jíǹkí gbogbo wa, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ìtìjú pa ara wa. Àmín.